Rẹ́mọ gba líìgì: ṣé òjò ló bá wa gbà á ni?

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí a ti gba líìgì bọ́ọ̀lù Nàìjíríà, síbẹ̀ oorun ò tíì kún ojú mi. Lọ́jọ́ Àìkú 27 oṣù Kẹrin 2025 tí Remo Stars na Niger Tornadoes ní 1-0 ní Ìkẹ́nnẹ́, bí rẹfirí ṣe fọn fèrè ìkẹyìn báyìí, ńṣe ni mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 3 ló ṣì kù nínú 38, kò sì sí ẹgbẹ́ tó tún lè bá wa mọ́. Ẹ rántí pé lọ́dún 2023, ipò kejì la ṣe, Enyimba gbé ife lọ. Lọ́dún 2024, ipò kejì náà ni, Rangers gbé e lọ. Lẹ́ẹ̀mejèèjì ni ìyàwó mi ti ra adìyẹ sílẹ̀ de ayẹyẹ. Lẹ́ẹ̀mejèèjì la jẹ adìyẹ náà láìsọ̀rọ̀.

Lánàá mo wọ mọ́tò láti Ṣágámù lọ sí Ìbàdàn, mo wọ ẹ̀wù ẹgbẹ́ wa aláwọ̀ sánmà. Bàbá kan tó jókòó tì mí wò mí títí, ó ní: "Ẹ̀yin tí òjò gba líìgì fún." Ó ní àwọn ẹgbẹ́ tó ń ti òkè ọya bọ̀ kì í lè dúró nínú ẹrẹ̀ Ìkẹ́nnẹ́, pé ká ní kì í ṣe òjò ni, ipò kejì la ò bá tún ṣe. Inú bí mi débi pé mo sọ̀ kalẹ̀ kí n tó dé ibi tí mò ń lọ. Ẹ gbà mí o. Ṣé òótọ́ kankan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí?

Baba Sooting
Ṣé ìwọ lo sọ̀ ní Tóògéètì? O gbàgbé agboòrùn rẹ sínú mọ́tò. Ó wà lọ́wọ́ mi.

Ẹ kú oríire ná, torí ẹni tó bá ṣe dáadáa, ká yìn ín. Láti ìgbà tí ẹgbẹ́ Julius Berger ti Èkó ti gba líìgì lọ́dún 2000, kò sí ẹgbẹ́ ilẹ̀ Yorùbá kankan tó tún fọwọ́ kan ife yẹn títí ẹ̀yin fi dé. Ọdún 25 kì í ṣe ọjọ́ 25. Àwa ọmọ Shooting Stars ti Ìbàdàn, 1998 la gbà á kẹ́yìn, ìkarùn-ún wa sì nìyẹn: 1976, 1980, 1983, 1995, 1998. Orí ahọ́n mi ló wà bí orúkọ àwọn ọmọ mi.

Àmọ́ mi ò yí ọ̀rọ̀ mi padà. Ìlú igbó ni Ìkẹ́nnẹ́, òjò ibẹ̀ kì í dá ọwọ́ ró. Ẹ wá mú ọmọ Kano tàbí ọmọ Maiduguri tí oòrùn àti yanrìn ti mọ́ lára, ẹ gbé e sórí pápá tó ń yọ̀ bí ilá. Kí lẹ fẹ́ kó ṣe? Mi ò ní ẹ jalè. Mo ní ẹ ní olùrànlọ́wọ́.

Àdùkẹ́ Ṣágámù
Bàbá, ẹ káàárọ̀ sà. Mi ò tíì dá sí ti òjò. Mo kàn fẹ́ rán yín létí ohun tí ẹ kọ síbí nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún tó kọjá: "Bí Rẹ́mọ bá gba líìgì, kí gbogbo yín wá jẹ àmàlà lọ́rùn mi." Mo tọ́jú rẹ̀. Àwa méje ni.

Baba Sooting
Àmàlà wo?

Aṣọ́lé Àtijọ́
Hẹn ẹn. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí òjò mọ̀ sọ̀rọ̀.

Ọdún 11 ni mo fi ṣọ́lé, ní ìpele tí kò sẹ́ni tó gbọ́ orúkọ mi, ẹ má wulẹ̀ wá a kiri. Ẹni tó bá ń sọ pé òjò ń gbè ẹnìkan, kó lọ dúró sẹ́nu ilé ná. Bọ́ọ̀lù tó bá tutù kì í ta, yíyọ̀ ló ń yọ̀. Bó bá ti fara kan ilẹ̀ níwájú rẹ, eré ló ń fi kún eré. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ́ wa pé nínú òjò, ká má fi ìwọra gbá a mú. Ẹ fi ẹ̀ṣẹ́ gbá a dànù. Bó bá sì jẹ́ ti ilẹ̀, ẹ gbé gbogbo ara sẹ́yìn rẹ̀, pé bí ọwọ́ bá tàsé, kí àyà gbà á. Bọ́ọ̀lù ayé ìsinsìnyí tiẹ̀ sàn. Gíráàmù 410 sí 450 ló gbọ́dọ̀ wọ̀n kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ mu omi. Bọ́ọ̀lù awọ tí àwọn ẹ̀gbọ́n wa gbá, ó ń mu omi bí gààrí ni. Ẹni tó bá fi orí kan án ní ìdajì kejì, ọrùn rẹ̀ á sọ fún un ní òru.

Pápá ìlú wa dagun. Gbogbo omi orí rẹ̀, ẹnu ilé ìsàlẹ̀ ló ń sàn sí. Bí òjò bá dá, àwa aṣọ́lé la máa ń fi fóòmù bẹ́ẹ̀dì tó ti gbó fa omi náà. Wàá tẹ fóòmù mọ́lẹ̀, wàá jẹ́ kó mu yó, wàá gbé e sórí báàfù, wàá fún un bí ẹni fún aṣọ. Báàfù 14 ni mo kà lọ́jọ́ kan, kí wọ́n tó wá da ìyẹ̀ pákó lé e. Rẹfirí dé, ó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó ní ó dára. Kò ju ìṣẹ́jú 10 lọ tí ọmọ ẹ̀yìn wa kan fi dá bọ́ọ̀lù padà sí mi jẹ́jẹ́. Bọ́ọ̀lù dé inú omi, ó dúró, bí ewúrẹ́ tó kọ̀ tí ò sọdá. Èmi ń sáré bọ̀, atamátàsé wọn ń sáré bọ̀. Àwa méjèèjì yọ̀ kọjá bọ́ọ̀lù náà, a lọ kó lé ara wa lọ́hùn-ún. Ọmọ wọn kan tó ń rìn bọ̀ lẹ́yìn ló gbá a wọlé. Rírìn o, kò sáré rárá.

Ta ni òjò gbè níbẹ̀? Ẹni tó lọ́ra.

Kékeré Ìkòròdú
Ẹni tó lọ́ra kẹ̀? Èyí gbè mí 😂 Ikorodu City, ọdún àkọ́kọ́ wa nínú líìgì yìí nìyí o, ẹ máa rántí wa náà.

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́
Háà! Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, agboòrùn yẹn, ti ìyá mi ni. Ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dá yín lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Líìgì wa, ìgbà tí oṣù Kẹjọ ń parí lọ ló bẹ̀rẹ̀, inú oṣù Karùn-ún ló ń parí. Oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá, mo gbà, òjò ni. Láti bí àárín oṣù Kọkànlá títí wọ oṣù Kejì ńkọ́? Ṣé ẹ rí òjò ní Rẹ́mọ nígbà yẹn? Eruku ni. Ètè ń sán, koríko ń gbẹ. Ẹ tún wò ó: 19 nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ wa, ìta la ti ń gbá a. Ta ló di òjò Ìkẹ́nnẹ́ sínú báàgì lọ sí Jos? Ìlú yẹn ga tó mítà 1,200, ẹni tó bá ti dé ibẹ̀ lóṣù Kìíní mọ̀ pé súwẹ́tà ni wọ́n fi ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì.

Èyí tó tiẹ̀ dùn mí jù ni pé, bí kóòṣì Daniel Ogunmodede ṣe ń fẹ́ kí àwọn ọmọ wa máa gbé bọ́ọ̀lù lọ sílẹ̀, ẹsẹ̀ sí ẹsẹ̀, òjò ló yẹ kó bà á jẹ́ fún wa. Àwọn tó ń gbá a sókè gbì tí wọ́n ń sáré lé e ni omi ń bá lára mu. Bí òjò bá rọ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́, ọ̀tá wa ló ń ràn lọ́wọ́.

Ará Leeds
Ẹ kú ilé o. Láti Leeds ni mo ti ń kà yín, ẹ̀rín sì ti pa mí tán. Èmi náà ní ayọ̀ tèmi. Ẹgbẹ́ tí mo gbà nígbà tí mo dé ìlú yìí gba ife Championship, líìgì tó tẹ̀ lé Premier League, ní Sátidé 3 oṣù Karùn-ún yìí, pẹ̀lú àmì 100. Burnley náà ní 100. Iye góòlù la fi jù wọ́n. Oṣù Karùn-ún ọdún tó kọjá, Southampton na wa ní 1-0 ní Wembley, ọ̀nà Premier League dí, mo gbé ojú sára gíláàsì bọ́ọ̀sì títí a fi délé. Torí náà, Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, mo mọ adìyẹ tí ò ń sọ. Mo ti jẹ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ni mo fẹ́ dá sí. Òjò ibí kì í rọ̀ bí tiwa. Tiwa á kéde ara rẹ̀, á ṣú, á fẹ́ atẹ́gùn, á rọ̀, á lọ. Tibí, wínníwínní ni, ó lè ti àárọ̀ di alẹ́ láìsọ fún ọ bóyá ó ń rọ̀ ni tàbí kò rọ̀. Àmọ́ ẹ má wo pápá Premier League kí ẹ máa rò pé ojú ọjọ́ ibí rọrùn. Páìpù tó ń gbé ooru kiri wà lábẹ́ koríko wọn, òfin líìgì ló sọ ọ́ di dandan, kí ilẹ̀ má baà dì. Ẹ wá sí pápá tiwa tí a ti ń gbá bọ́ọ̀lù àárọ̀ Sunday kí ẹ rí nǹkan. Lóṣù Kìíní kan, rẹfirí wa dé, ó yọ kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi gún ilẹ̀ lẹ́nu ilé. Kọ́kọ́rọ́ ò wọlé. Ó gún àárín. Kò wọlé. Ó nu kọ́kọ́rọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó ní ká máa lọ sílé. Ọkùnrin 22 ti bọ́ra tán nínú òtútù o.

Aṣọ́lé Àtijọ́, ẹ gbọ́ ti ẹgbẹ́ yín kan. Ọjọ́ Kérésì 1937, Chelsea àti Charlton ń gbá ní Stamford Bridge, kùrukùru wá bo pápá. Rẹfirí dá eré dúró, gbogbo ènìyàn wọlé. Sam Bartram tó ń ṣọ́lé fún Charlton kò mọ̀. Ó dúró sẹ́nu ilé, ó ń rò ó pé àwọn ará òun ti há Chelsea mọ́lé lọ́hùn-ún ni bọ́ọ̀lù ò fi wá sọ́dọ̀ òun. Ó tó ìṣẹ́jú 15 kí ọlọ́pàá kan tó yọ sí i láti inú kùrukùru, tó bi í léèrè ohun tó ń ṣe níbẹ̀.

Aṣọ́lé Àtijọ́
Ohun tó ń ṣe níbẹ̀ kẹ̀? Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe! Kò sẹ́ni tó rántí pe aṣọ́lé. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n máa ń pín ọsàn tán kí n tó dé.

Baba Sooting
Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, o gbìyànjú. Ti oṣù Kìíní yẹn, mi ò rí èsì fún un. Àmọ́ o sọ pé òjò kì í gbè ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù gbá sílẹ̀, jẹ́ kí n sọ ìtàn fún ọ.

1954, ọdún tí wọ́n bí mi. Àṣekágbá ife àgbáyé ní ìlú Bern, Jámánì àti Hungary. Kò sẹ́ni tó na Hungary láti ọdún 1950. Nínú ìdíje yẹn kan náà, wọ́n ti kọ́kọ́ na Jámánì ní 8-3. Ní ọjọ́ àṣekágbá, òjò dé. Fritz Walter, balógun Jámánì, ibà ti fìyà jẹ ẹ́ nígbà ogun, ara rẹ̀ kì í gba oòrùn, inú òjò ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yá. Títí di òní, bí òjò bá ń rọ̀ lọ́jọ́ bọ́ọ̀lù, àwọn ará Jámánì á ní ojú ọjọ́ Fritz Walter nìyí. Adi Dassler, ẹni tó dá Adidas sílẹ̀, ló ń bójú tó bàtà wọn. Ó ṣe bàtà tí èékánná ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣeé yí kúrò bíi nọ́ọ̀tì. Bí ilẹ̀ ṣe rọ̀, wọ́n yí gígùn sí i. Hungary ti gbá 2 wọlé kí ìṣẹ́jú 10 tó pé. Jámánì dá a padà, wọ́n sì borí ní 3-2.

Ẹ tún gbọ́. 1974, mo ti di géńdé nígbà yẹn. Ife àgbáyé, Jámánì àti Poland ní Frankfurt, 3 oṣù Keje. Àgbàrá bo pápá, wọ́n pe àwọn panápaná kí wọ́n wá fa omi, eré ò bẹ̀rẹ̀ lákòókò. Poland ní àwọn tó ń sáré bí ẹtu létí pápá, omi wá sọ gbogbo wọn di pẹ́pẹ́yẹ. Gerd Müller gbá ẹyọ kan wọlé, ó parí. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò rántí ni pé ọ̀mì ti tó Jámánì lọ́jọ́ yẹn. Poland ló gbọ́dọ̀ borí. Ẹni tí ohun tó ń wá ò pọ̀, òun ni òjò ń gbè. Ibi tí mò ń lọ nìyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè tábìlì, bí òjò bá rọ̀ tí ọ̀mì jáde, ta ló pàdánù?

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́
Ọ̀mì nílé! Bàbá, ẹgbẹ́ tó ń lé ife, tó bá ta ọ̀mì nílé, ìyá mi ò ní jẹ́ kí n wọlé.

Àmọ́ ti bàtà yẹn, mo gbà. Mi ò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Àdùkẹ́ Ṣágámù
Ẹ̀yin ọkùnrin ń sọ ti Jámánì. Ẹ jẹ́ kí èmi tí mò ń tajà níbi bọ́ọ̀lù sọ tèmi.

Lọ́jọ́ oòrùn, omi inú ọ̀rá ni. Máa tà á títí ọwọ́ mi á fi kú nínú yìnyín kúlà. Lọ́jọ́ òjò, kò sẹ́ni tó ń wo omi mi, wọ́n ní omi ti pọ̀ jù láyé. Torí náà mo gbọ́n. Ọ̀rá dúdú ńlá tí wọ́n fi ń kó ìdọ̀tí, mò ń rà á ní pádì, mo gé ihò kan fún orí, méjì fún ọwọ́. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kán, kí ẹ wá wo bí àwọn aláṣọ ńlá ṣe ń tẹ orí ba wọnú ọ̀rá mi. Alága ìjọba ìbílẹ̀ kan wọ̀ ọ́ rí, mi ò ní dárúkọ. Ó jọ àpò èédú. Ẹ ò rí i pé òjò ò bá ẹnìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa.

Ti pé kí òjò gbè ènìyàn, ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ládùúgbò wa. Wọ́n ń gbá àṣekágbá àdúgbò sí àdúgbò. Àwọn tó ṣètò rẹ̀ lọ bẹ bàbá kan pé kó bá wọn so òjò rọ̀. Ó gba owó, ó gba ẹmu, ó gba àkùkọ. Ọjọ́ pé. Láti aago 2, òjò bẹ̀rẹ̀, bí ẹni ń da omi láti inú garawa. Èyí tó burú ni pé lẹ́yìn títì lọ́hùn-ún, ilẹ̀ gbẹ táútáú. Orí pápá nìkan ló ń rọ̀ sí. Wọ́n sáré lọ bá bàbá. Ó ń jẹun. Ó ní òun so ó, pé ẹlòmíràn ló ń tú u lẹ́yìn òun, pé bí wọ́n bá fi àkùkọ kan kún un, òun á wádìí ẹni náà.

Kékeré Ìkòròdú
Wọ́n fún un?

Àdùkẹ́ Ṣágámù
Wọ́n fún un.

Rẹfirí Kan
Mo máa ń kà yín láìdá sí i, àmọ́ ẹ ti mẹ́nu ba rẹfirí lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ọ̀kan tó fẹsẹ̀ tẹ ìyẹ̀ pákó tó ní ó dára sì ń dùn mí.

Àwa kì í fẹsẹ̀ nìkan wò ó. Ohun tí wọ́n kọ́ mi nìyí. Mú bọ́ọ̀lù, gbé e dé èjìká, jẹ́ kó já bọ́. Bó bá ta padà, ó dára. Bó bá balẹ̀ gbọ̀ tó dúró, ìbéèrè wà níbẹ̀. Yí i lọ sílẹ̀ gba ibi tí omi pọ̀ sí, wò ó bóyá á kọjá. Wo ìlà, bóyá ẹfun ṣì hàn. Ti kùrukùru tàbí eruku ọ̀yẹ́, dúró sẹ́nu ilé kan, wo ìkejì. Bí o ò bá rí i, àwọn tó wà ní ìjókòó ò rí nǹkan kan, igbákejì rẹ tó mú àsíá náà ò rí ọ. Òfin bọ́ọ̀lù gbé gbogbo rẹ̀ lé rẹfirí lọ́wọ́: o lè dá a dúró fún ìgbà díẹ̀, o lè fòpin sí i pátápátá. Kóòṣì á bínú, àwọn olólùfẹ́ á pe ìyá rẹ. Kò sí èyí tó kàn ọ́ níbẹ̀ bí ẹsẹ̀ ọmọ ẹnìkan bá kán.

Omi kọ́ ló tiẹ̀ ń bà mí lẹ́rù. Mànàmáná ni. Bó bá ti bù yẹ̀rì, bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Bí ààrá bá sán kí o tó ka 30, ó ti sún mọ́ tòsí, bíi kìlómítà 10 sí ọ tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Kó gbogbo wọn kúrò lórí pápá, sínú ilé tàbí mọ́tò, kì í ṣe sábẹ́ igi. Ẹ má sì padà títí ìṣẹ́jú 30 á fi pé lẹ́yìn ààrá tó sán kẹ́yìn. Mo ti ṣe é rí, balógun ẹgbẹ́ ilé sì bi mí bóyá mo jẹ Ṣàngó ní gbèsè.

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́
Ẹ ṣé gan-an ni, sà. Ìbéèrè kan: bí òjò bá dá eré dúró pátápátá tí ilẹ̀ sì ṣú, kí ló dé tó jẹ́ pé nígbà mìíràn wọ́n á padà wá gbá ìyókù láàárọ̀ ọjọ́ kejì? Mo ti rí i tí wọ́n wá gbá ìṣẹ́jú díẹ̀ péré.

Rẹfirí Kan
Nítorí owó àti ọ̀nà. Ẹgbẹ́ tó ti Maiduguri wá, ṣé wọ́n á tún padà wá fún ìṣẹ́jú 20? Wọ́n á sùn, wọ́n á jí, wọ́n á parí rẹ̀, wọ́n á wọ mọ́tò. Ibi tí ẹ ti dé náà ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ ara ti le, kì í sì í tètè yá láàárọ̀. Ẹgbẹ́ tó ti ń borí ní alẹ́ máa ń jí pẹ̀lú ìbẹ̀rù.

Aṣọ́lé Àtijọ́
Rẹfirí, ẹ foríjì mí ti ìyẹ̀ pákó. Ọjọ́ pẹ́.

Kí n tó gbàgbé, gbogbo yín ń sọ ti òjò, kò sẹ́ni tó fún ọ̀yẹ́ ní ipò rẹ̀. Ìdí tí mo fi fara mọ́ Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ nìyẹn. Nínú ọ̀yẹ́, ilẹ̀ le bí òkúta, bọ́ọ̀lù á kan ilẹ̀ á fò kọjá orí rẹ. Ìbọ̀wọ́ á gbẹ, kò ní lẹ̀ mọ́ nǹkan kan mọ́, kí o máa pọ́n omi sí i lẹ́yìn ẹnu ilé bí ẹni bomi rin ewébẹ̀. Mo máa ń fi òrí ra ètè àti ihò imú kí n tó wọlé. Lọ́jọ́ kan mo fi ọwọ́ tó kún fún òrí yẹn kan náà wọ ìbọ̀wọ́. Ẹ má bi mí ní iye góòlù tó wọlé. Ẹgbẹ́ tó bá lè gbá bọ́ọ̀lù nínú òjò oṣù Kẹwàá, kó tún gbá a nínú eruku oṣù Kìíní, kó tún gbá a nínú ooru oṣù Kẹta tó ń se ènìyàn bí ẹ̀kọ, ẹ jẹ́ ká gbà pé wọ́n mọ iṣẹ́.

Ará Leeds
Ooru yẹn gan-an ló yẹ kí wọ́n wò. FIFA ní bí wọ́n bá wọn ooru, ọ̀rinrin àti oòrùn pọ̀, tó lé ní 32 lórí òṣùwọ̀n wọn, kí wọ́n dá eré dúró kí àwọn ọmọ mu omi. Ní Brazil 2014 ni ayé kọ́kọ́ rí i nínú ife àgbáyé. Ní pápá tí èmi ti dàgbà, ẹni tó bá ní òun fẹ́ mu omi, wọ́n á ní ọ̀lẹ ni.

Baba Sooting
Ó dáa. Mo ti kà á tán. Aṣọ́lé, ọ̀rọ̀ oṣù mẹ́ta rẹ yẹn wọ̀ mí létí. Ó rán mi létí pé lọ́dún 1976 tí a gba líìgì yẹn, ọdún yẹn náà la gba ife Áfíríkà ti àwọn tó gba ife orílẹ̀-èdè wọn. Tonnerre ti Yaoundé la bá gbá àṣekágbá. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa nígbà yẹn pé òjò ló gbà á. Bí ẹnìkan bá sọ ọ́ fún mi nínú mọ́tò, èmi náà á sọ̀ kalẹ̀.

Torí náà mo dá a padà. Òjò kọ́ ló gba líìgì fún yín. Bàtà yín ló bá ilẹ̀ mu ju tàwọn tókù lọ. Ibi tí mo lè dé nìyẹn, ẹ má tì mí kọjá ibẹ̀, mo ṣì ń gbé Adámásìngbà, níbi tí pápá Shooting wà.

Ẹ wá máa múra ti Áfíríkà. Òjò Àríwá Áfíríkà kì í rọ̀, àwọn ènìyàn ibẹ̀ ló ń rọ̀ lé ènìyàn lórí. Ẹ bi àwa tí Zamalek ti Íjíbítì na ní àṣekágbá 1984, tí wọ́n tún fi pẹ́nárítì já wa jù sílẹ̀ ní 1996.

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́
Bàbá, ẹ ṣeun. Ọkàn mi balẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀.

Àdùkẹ́ Ṣágámù
Ọkàn tèmi ò tíì balẹ̀. Àmàlà ńkọ́?

Baba Sooting
Ọmọ mi, òjò ti ṣú n'Íbàdàn báyìí, ojú sánmà dúdú bí ìdí ìkòkò. Ẹ jẹ́ kí ọ̀nà gbẹ ná, ká mú ọjọ́ mìíràn.

Ará Leeds
Bàbá ti so òjò mọ́ àmàlà o 😂

Rẹfirí Kan
Bàbá, ṣé ẹ lè rí òdìkejì títì láti ibi tí ẹ wà?

Baba Sooting
Mo rí i.

Rẹfirí Kan
Ó ṣeé gbá.

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́
Oòrùn ń ràn ní Ṣágámù níbí. Àwa mẹ́rin ti wà ní gáréèjì, ó ku èrò méjì kí mọ́tò kún. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú agboòrùn mi dání wá pàdé wa ní Tóògéètì.